Ìdíje Ìṣirò Àgbáyé: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ Fún Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nípa aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Òtítọ́ náà ni nípa ọgbọ́n orí. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ọ̀dọ́ 630 láti orílẹ̀-èdè 110 péjọ sí Sunshine Coast ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Wọn kò lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọn kò sì lọ sáré ìje. Wọ́n jókòó ti tábìlì fún ọjọ́ méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú kálàmù àti ìwé rẹ̀, wọ́n ń ronú. Ìpàdé yìí ni Ìdíje Ìṣirò Àgbáyé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Òlíńpíádì Ìṣirò. Àwọn ìwé ìròyìn kì í fún un ní àyè bí wọ́n ti ń fún bọ́ọ̀lù ní àyè, ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tó ohun tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́, gbogbo òbí, àti ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ìlú bá ká lára gbé yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orísun rẹ̀. Ní ọdún 1959 ni orílẹ̀-èdè Romania pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ sí ìlú Brașov àti Bucharest. Orílẹ̀-èdè méje péré ni ó pé jọ: Romania fúnra rẹ̀, Hungary, Bulgaria, Poland, Czechoslovakia, Jámánì ti ìhà Ìlà-Oòrùn, àti Rọ́ṣíà ti ayé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọmọ 52 ni ó kópa. Nígbà tí ó di ọdún 1967, Bìrìtéènì àti Faransé ti darapọ̀. Cuba dé ní 1971, Amẹ́ríkà sì dé ní 1974. Yàtọ̀ sí ọdún 1980 tí a kò ṣe é rárá, ọdọọdún ni ó ń wáyé. Kódà nígbà tí àrùn kòrónà sé ayé mọ́lé ní 2020, àwọn ọmọ jókòó sí orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì ṣe é lábẹ́ àbójútó Rọ́ṣíà tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n lálejò. Ní 2014, ìdíje náà dé ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Cape Town, orílẹ̀-èdè 101 ni ó sì pé jọ síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tiwa náà ti ń rán ọmọ lọ nínú ọ̀rúndún yìí. Ibùdó Ìṣirò ti Orílẹ̀-èdè, tí a dá sílẹ̀ ní 1988 ní agbègbè Àbújá, ni ó ń ṣètò yíyàn wọn.

Òfin ìdíje náà kò lọ́jú pọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè rán ọmọ mẹ́fà. Kò sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ pé ọmọ 20 ọdún, kò sì sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ ti wọ yunifásítì. Ìbéèrè mẹ́fà ni wọn yóò dáhùn, mẹ́ta ní ọjọ́ kìíní, mẹ́ta ní ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ sì ni a fún wọn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Máàkì 7 ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42. Wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ ìṣirò wọlé. Kì í sì í ṣe ìdáhùn lásán ni a ń bèèrè lọ́wọ́ wọn, bí kò ṣe ẹ̀rí: kí ọmọ fi yé àwọn àgbà, ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ìdí tí ohun tí ó sọ fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó gbé ìbéèrè kalẹ̀, kò sí ẹ̀bi, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nǹkan bí ìdajì àwọn olùdíje ni ó ń gba àmì-ẹ̀yẹ, a sì ń pín in kí ó lè jẹ́ pé bí wúrà bá jẹ́ ẹyọ kan, fàdákà yóò jẹ́ méjì, idẹ yóò sì jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò gba ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n tí ó yanjú ìbéèrè kan ní àyanjútán, ìwé ìyìn ń bẹ fún un. Ọmọ ni a sì ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ, kì í ṣe ìjọba rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ó ń jẹ́ ìdìbò àti ìgbìmọ̀ yóò nífẹ̀ẹ́ sí bí a ti ń yan ìbéèrè náà. Àwọn orílẹ̀-èdè ni ó ń dá àbá ìbéèrè wá. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí ó gbàlejò yóò ṣà wọ́n lẹ́ṣà. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣáájú ikọ̀ gbogbo yóò jókòó pọ̀, wọn yóò jiyàn, wọn yóò sì dìbò lórí mẹ́fà tí a ó lò. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ ìbéèrè ni a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn, títí ìdánwò yóò fi parí. Nígbà tí ó bá sì di àkókò máàkì, aṣáájú ikọ̀ yóò gbèjà iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò tí ilẹ̀ tí ó gbàlejò yàn, títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi ṣe ọ̀kan. Bí a bá ṣe gbogbo ìdánwò ayé báyìí, ẹjọ́ ojúsàájú ìbá dínkù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rò pé ìbéèrè irú ìdíje bẹ́ẹ̀ yóò kún fún àmì àti ọ̀rọ̀ tí ojú kò rí rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìbéèrè kìíní pátápátá tí a ṣe ní ọdún 1959. Mú nọ́ńbà kan tí ó wù ọ́. Sọ ọ́ di ìlọ́po 21, kí o sì fi 4 kún un. Èyí ni orí ìdá. Sọ nọ́ńbà kan náà di ìlọ́po 14, kí o sì fi 3 kún un; èyí ni ìdí rẹ̀. Fi ẹ̀rí hàn pé, nọ́ńbà yòówù kí o mú, ìdá náà kò ní ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, bí a ti ń rẹ 6/8 sílẹ̀ di 3/4.

Bí a bá mú 1, a ó rí 25/17. Bí a bá mú 2, a ó rí 46/31. Bí a bá mú 3, a ó rí 67/45. Kò sí èyí tí ó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dán ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà wò, kò tíì fi ẹ̀rí kankan hàn, nítorí nọ́ńbà kò lópin, èyí tí kò tíì dán wò ni ó sì lè já a nírọ́. Ibi tí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí nọ́ńbà kan bá wà tí ó pín orí láìṣẹ́kù, tí ó sì pín ìdí láìṣẹ́kù, dájúdájú yóò pín ìlọ́po méjì orí, yóò sì pín ìlọ́po mẹ́ta ìdí. Ìlọ́po méjì orí jẹ́ ìlọ́po 42 nọ́ńbà tí a mú, pẹ̀lú 8. Ìlọ́po mẹ́ta ìdí jẹ́ ìlọ́po 42 nọ́ńbà kan náà, pẹ̀lú 9. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 1. Nọ́ńbà tí ó bá sì pín ohun méjì láìṣẹ́kù kò lè ṣe aláì pín ìyàtọ̀ wọn. Kí ni ó lè pín 1 láìṣẹ́kù bí kò ṣe 1 fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Kò sí ohun kan nínú ẹ̀rí yìí tí ọmọ tí ó mọ tábìlì ìsọdipúpọ̀ dáadáa kò lè lóye. Ohun tí ó le níbẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀, bí kò ṣe sùúrù láti jókòó ti ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi ṣí. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti kàn wá gan-an. Nínú ìdánwò ìṣirò tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìwé kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 tí a ń yan ìdáhùn wọn, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a sì fi ń ṣe gbogbo wọn. Nínú ìdíje àgbáyé, bí a bá pín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, wákàtí kan àti ààbọ̀ kan náà ni ó bọ́ sí orí ìbéèrè ẹyọ kan. A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò wa. Ọmọ tí ó fẹ́ di akọ̀wé tàbí oníṣòwò nílò ìyára ọwọ́, ìwé kejì ìdánwò náà sì ń bèèrè àlàyé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé ìyára nìkan ni a fi ń kọ́ ọmọ láti kékeré, tí a sì ń na ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó dáhùn, a ti pa onírònú inú rẹ̀ kí ó tó dàgbà. Ọmọ tí a kò fún ní ìbéèrè tí ó gba ọjọ́ kan rí, báwo ni yóò ṣe di ẹni tí ó ń yanjú ìbéèrè tí ó gba ọdún mẹ́wàá?

Àwọn ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó rẹpẹtẹ. Ọwọ́ olùkọ́ àti ìwé ìròyìn kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Hungary, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Győr, Dániel Arany ni orúkọ rẹ̀, dá ìwé ìròyìn ìṣirò kan sílẹ̀ ní 1894 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìbéèrè ni ó ń tẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ yóò fi ìdáhùn ránṣẹ́, a ó sì tẹ èyí tí ó dára jù pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ní ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà dá ìdíje ìṣirò ọdọọdún sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. Lẹ́yìn Arany ni olùkọ́ mìíràn, László Rátz, gba àkóso ìwé ìròyìn náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ Luther ní Budapest ni ó ti ń kọ́ni. Nínú àwọn ọmọ tí ó kọ́ ni John von Neumann, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lélẹ̀, àti Eugene Wigner, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1963. Nígbà tí Wigner di àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwòrán Rátz, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ni ó gbé kọ́ ara ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ṣe làálàá lónìí, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní Romania bákan náà, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ni ó dá ìwé ìròyìn ìṣirò sílẹ̀ ní 1895, ọdún náà gan-an tí a ṣí afárá ńlá Cernavodă lórí odò Danube. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ afárá ni ó rí i pé irin àti òkúta nìkan kò lè gbé orílẹ̀-èdè kọjá odò. Nígbà tí Romania fi pe ayé sí ìdíje ní 1959, ìwé ìròyìn náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èso kò so kí a tó gbin igi.

Àwọn ọmọ tí ó la ìdíje yìí kọjá ti di ẹni tí ayé ń wárí fún. Maryam Mirzakhani, ọmọbìnrin ilẹ̀ Iran, gba wúrà ní 1994, ó sì tún gba wúrà ní 1995 pẹ̀lú máàkì 42 nínú 42. Ní 2014, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Fields, èyí tí ó ga jù lọ láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ikú mú un lọ ní 2017, ọmọ 40 ọdún ni. Kí òbí tí ó ń wí pé ìṣirò kì í ṣe ti ọmọbìnrin rántí orúkọ yìí. Terence Tao ti Ọsirélíà kò tíì pé ọmọ 11 nígbà tí ó gba idẹ ní 1986. Ó gba fàdákà ní 1987 ní Havana, ó sì gba wúrà ní 1988. Ní ọdún wúrà yìí, ìbéèrè kẹfà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ 11 péré ni ó gba gbogbo máàkì rẹ̀. Tao kò sí lára wọn. Máàkì 1 nínú 7 ni ó rí gbà. Síbẹ̀ ó gba wúrà, òun náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ Fields ní 2006. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ti nà án nítorí ìbéèrè kan tí ó ṣòro fún un, ta ni ó mọ ohun tí ayé ìbá pàdánù?

A ó gbọ́ tí àwọn kan yóò wí pé orí àwọn ẹni náà yàtọ̀ sí tiwa. Irọ́ ni. Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ Orin-Èkìtì, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Chike Obi ti gba tirẹ̀ ní Cambridge ṣáájú rẹ̀, ní 1950. Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ tún wo èdè wa. Ọmọ tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ ẹ̀wá, ó sì tún ti yọ àrún, kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ta mọ bí a ti ń ro ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí iwájú kí a tó ta ọmọ ayò kan. Orí wà nílé. Iṣẹ́ orí náà ni a kò gbé fún un.

Ọ̀ràn èdè yìí sì ṣe pàtàkì. Nínú ìdíje àgbáyé, a kì í fi dandan mú ọmọ láti ronú ní èdè àjèjì. Àwọn aṣáájú ikọ̀ ni ó ń túmọ̀ ìbéèrè sí èdè àwọn ọmọ wọn, ọmọ Hungary ń kọ èdè Hungary, ọmọ Japan ń kọ èdè Japan, ìdáhùn wọn sì ń gba máàkì kan náà. Àwa náà ti rí ẹ̀rí èyí nílé wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ta wọ́n yọ. Ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ohun tí a fi hàn nílé Odùduwà kò tíì tàn dé gbogbo kíláàsì ilẹ̀ Odùduwà.

Àtakò kan tún wà tí ó yẹ kí a dáhùn. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ Google DeepMind àti OpenAI kéde pé ẹ̀rọ wọn yanjú ìbéèrè márùn-ún nínú mẹ́fà ọdún náà, wọ́n sì ní máàkì 35, iye tí ó tó fún wúrà. Bí ẹ̀rọ bá ti lè ṣe é, kí ni ọmọ ènìyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà fún? Ìdáhùn wa kúrú. Ọkọ̀ ń sáré ju ènìyàn lọ láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ a kò tíì gé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa. A kò kọ́ ọmọ ní ìrònú kí ó lè borí ẹ̀rọ. A ń kọ́ ọ kí ó má bàa di ẹrú ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ní ayé tí ẹ̀rọ yóò máa fọhùn bí amòye, ẹni tí kò mọ bí a ti ń yẹ ẹ̀rí wò ni a ó máa tàn jẹ, ìbáà ṣe ní ọjà, ìbáà ṣe ní ilé ìdìbò.

Kí ni kí a ṣe? A kò ní dúró de ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúṣe ìjọba ń bẹ níbẹ̀, pàápàá nípa kí àǹfààní yìí má jẹ́ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó inú ìlú ńlá nìkan. Kí olùkọ́ ìṣirò kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sára pátákó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Kí ó gba gbogbo ọ̀nà tí àwọn ọmọ bá gbé wá, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dè wọ́n lọ́nà. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pàdé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún, kí a sì pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ó ronú dáadáa bí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó jẹ góòlù. Kí òbí fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ kí ó jókòó ti ìwé rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ẹgbẹ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe é, ọmọ mẹ́fà tí a ó rán lọ sí òkè òkun kò ní jẹ́ ẹni tí a ṣa lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí. Mú nọ́ńbà mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn, bíi 4, 5 àti 6, kí o sì sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀. Fi ẹ̀rí hàn pé 6 yóò máa pín èsì náà láìṣẹ́kù nígbà gbogbo, ibi yòówù kí o ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí yóò bá kọ ọ́ sára pátákó, kí ó fi ẹgba pamọ́, kí ó má sì ṣe sọ ìdáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.